Ìbọn Tí Kì Í Dójú Ti Ọdẹ: Láti Ayé Ṣakabùlà Dé Ayé Pọ́ǹpù

  

Kò sí bí a ṣe lè ṣe ọdún ọdẹ kí ìbọn má dún. Bí àwọn ọdẹ bá tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, tí olórí wọn bá ti júbà tán, ìbọn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọdé á fi ọwọ́ di etí, àwọn àgbà á máa ka iye rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá dún ketekete, orí rẹ̀ á wú. Ẹni tí tirẹ̀ bá ṣe "ká" tó sì dákẹ́, ojú á tì í láàárín ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ìtìjú yẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìbọn bẹ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wa la mọ àgbàlagbà kan tí ìka rẹ̀ kò pé mọ́ nítorí ìbọn.

Láti bí ọdún mélòó kan, àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ wa ti ń wá pọ́ǹpù kiri. Pọ́ǹpù ni ìbọn òyìnbó tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní fusil à pompe, èyí tí a ń fi ọwọ́ fà sẹ́yìn, tí a sì ń tì síwájú, kí ọta mìíràn tó wọlé. Wọ́n á wá bá àwọn àgbà, wọ́n á ní: "Bàbá, èwo ló dára nínú wọn? Èwo ni kò ní já mi kulẹ̀?" Orúkọ ìbọn kan ni wọ́n ń retí. Ìbéèrè náà dára, ó sì ti pẹ́ láyé. Àwọn baba wa bi í nípa ṣakabùlà. Àwọn tó ń ṣe pọ́ǹpù gan-an bi í ní Amẹ́ríkà fún ọdún tó ju 60 lọ kí ìdáhùn wọn tó fìdí múlẹ̀. Mo fẹ́ kí a tọ ìtàn náà lẹ́sẹẹsẹ, nítorí ẹni tó bá mọ ohun tó ba ìbọn àná jẹ́ ni yóò mọ èyí tí yóò rà lónìí.

Ìlú tí ọdẹ ṣíwájú rẹ̀

Ìtàn tí àwọn àgbà Kétu ń sọ fi yé wa pé ọdẹ ló mọ ọ̀nà kí ọba tó gbà á. Nígbà tí Ọba Ẹdẹ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Àrò, Alálùmọ̀n ọdẹ ló ṣíwájú wọn nínú igbó títí wọ́n fi dé ibi tí Kétu wà lónìí. Ìbọn kò tíì dé ilẹ̀ wa nígbà náà. Ọrun àti ọfà, ọ̀kọ̀ àti àdá ni ọdẹ fi ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rí èyí wà lókè òkun. Àwọn ènìyàn wa tí ogun àti òwò ẹrú kó lọ sí Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíl kò gbàgbé Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Títí di òní, Ketu ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka ńlá ẹ̀sìn Candomblé níbẹ̀, Oxóssi sì ni wọ́n ń pè ní ọba Ketu. Ohun tó máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọrun pẹ̀lú ọfà, wọ́n sì ń pè é ní ofá, ọ̀rọ̀ wa gan-an. Ìbọn ti pọ̀ ní etíkun nígbà tí wọ́n kó wọn lọ, síbẹ̀ ọfà ni wọ́n rántí gẹ́gẹ́ bí ohun ìjà ọdẹ tòótọ́. Ọfà kì í dún. Bí kò bá ba ẹran, ẹran lè má mọ̀ pé ọdẹ wà nítòsí. Ọdẹ fúnra rẹ̀ ló ń gbẹ́ ẹ, òun náà ló ń tún un ṣe. Ohun ìjà tí ẹni tó ni ín mọ inú rẹ̀ mọ òde rẹ̀ ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ṣakabùlà àti ìwà rẹ̀

Láti etíkun ni ìbọn ti wọ ilẹ̀ wa, ní àkókò òwò ẹrú. Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m wà lára àwọn ìlú tó ń rọ ìbọn fún ọjà Áfíríkà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìbọn gígùn tí a ń pè ní ṣakabùlà ti wá, kí àwọn alágbẹ̀dẹ wa tó kọ́ bí a ṣe ń tún un ṣe, tí wọ́n sì ń rọ tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò fọwọ́ kàn án rí. Láti ẹnu ni a ti ń kì í: ẹ̀tù kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà ni ọta, ọ̀pá ìkìbọn á sì tì wọ́n mọ́lẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀ ni àwo kékeré kan wà tí a ń bu ẹ̀tù díẹ̀ sí. Bí ìka bá fà á, òkúta ìbọn á ṣá irin, iná á ta sínú àwo, iná náà á gba ihò tín-ín-rín kan wọ inú, ìbọn á sì dún. Ẹ wo iye ohun tó gbọ́dọ̀ bára mu kí ohùn kan tó jáde. Bí ìrì bá sẹ̀ sí ẹ̀tù, kò ní dún. Bí òkúta bá ti jẹ, kò ní dún. Bí ihò bá dí, iná á jó nínú àwo nìkan, ẹran á sì ti sá lọ.

Ọdẹ ni bàbá tó bí mi. Àdó ẹ̀tù rẹ̀ ní ìdérí tó le pinpin, kò sì sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Kí ó tó kì ìbọn, á fi ìdí ìyẹ́ adìẹ gún ihò rẹ̀, á gbé ẹnu ìbọn sí òòrùn, á wò ó. Bó bá ti da ẹ̀tù sí i, á fi ọ̀pá ìkìbọn wọ̀n ọ́n: iye ìka tí ọ̀pá náà bá fi yọ lẹ́nu ni ó fi ń mọ̀ bí ẹ̀tù ti pọ̀ tó. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun kì í. Ó máa ń sọ pé ìbọn kì í purọ́, ẹni tó kì í ló ń purọ́.

Nípa bẹ́ẹ̀, ṣakabùlà tó ń kọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan lè ṣe dáadáa lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn àgbà kì í béèrè pé níbo ni wọ́n ti rọ ọ́ nìkan. Wọ́n á béèrè pé alágbẹ̀dẹ wo ló ń tún un ṣe, irú ẹ̀tù wo ló ń jẹ, ọwọ́ ta ló wà. Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni ọgbọ́n wọn.

Ọdún 1886

Ọdún 1886 kò ní kúrò lọ́kàn ọmọ Kétu. Dàhọ̀mì ti kọ́kọ́ kọlu ìlú wa ní 1883, wọ́n sì tún padà wá. Kétu ní odi, ó ní yàrà jíjìn, ó ní ẹnubodè Àkàbà Ìdẹ́nà tó ṣì dúró di òní. Wọ́n dó ti ìlú náà títí ebi fi wọlé. Ní 1886, Kétu ṣubú. Wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ, ìlú sì dahoro. Ìbọn kíkì láti ẹnu ni ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ṣì ń lò, bíi tiwa. Abẹ́òkúta ti lé wọn padà ní 1851 àti ní 1864 lójú ìbọn irú rẹ̀. Ìbọn nìkan kọ́ ló ń gba ìlú tàbí ló ń fọ́ ọ.

Ohun méjì mìíràn ṣẹlẹ̀ lọ́dún kan náà. Ní oṣù September 1886, Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì, ogun tó ti ń jà láti 1877. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ti bá àwọn ará ilé wọn ra ìbọn tuntun tí a ń ki ọta sí láti ìdí. Ẹni tó ní irú rẹ̀ á ti yìn ín lẹ́ẹ̀mélòó kan kí oníṣakabùlà tó kì tirẹ̀ tán. Dídún ìbọn wọ̀nyí ni àwọn ènìyàn sọ pé ó fún ogun náà lórúkọ.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Paul Vieille, onímọ̀ kan níbẹ̀, ti ṣe ẹ̀tù tuntun jáde ní 1884, ẹ̀tù tí èéfín rẹ̀ kò tó nǹkan, tí agbára rẹ̀ sì tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti ẹ̀tù dúdú. Ní 1886 ni ilẹ̀ Faransé gbé ìbọn Lebel jáde láti máa lò ó. Láti ọjọ́ náà ni oríṣi ẹ̀tù méjì ti wà láyé, ẹ̀tù àtijọ́ àti ẹ̀tù tuntun. Ìbọn tí a rọ fún ọ̀kan lè má gba èkejì. Nínú ohun gbogbo tí mo fẹ́ sọ lónìí, èyí ló ṣe kókó jù.

Ní 1892, ọ̀gágun Dodds kó àwọn ọmọ ogun Faransé gòkè lọ sí Àgbómẹ̀. Béhanzin ti ra ìbọn tuntun lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì ní etíkun, Winchester àti Chassepot wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni kò tíì fi ọwọ́ mọ ìbọn wọ̀nyí bí wọ́n ṣe mọ ti àtijọ́. Àgbómẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé ní November ọdún náà. Láti 1893 ni àwọn ọmọ Kétu bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láti tún ìlú tẹ̀ dó. Ìṣubú Àgbómẹ̀ ló ṣí ọ̀nà ilé fún wọn.

Òfin tó so ọwọ́ ọdẹ

Àwọn ọmọ kan máa ń bi wá pé kí ló dé tí àwọn baba wa fi rọ̀ mọ́ ṣakabùlà fún ìgbà pípẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí òyìnbó ti ní ìbọn tó dára jù. Wọ́n rò pé àìlajú ni. Àìlajú kọ́, òfin ni.

Ní July 1890, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti díẹ̀ nínú àwọn mìíràn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels. Wọ́n ní àwọn fẹ́ pa òwò ẹrú run. Lára ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni pé kí a má ṣe jẹ́ kí ìbọn ìgbàlódé wọ apá tó pọ̀ jùlọ ní Áfíríkà, ilẹ̀ wa sì wà nínú rẹ̀. Ìbọn olókùúta àti ẹ̀tù dúdú ni wọ́n gbà kí a lè tà fún àwọn ará ìlú. Ní 1919, lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, wọ́n tún ṣe àdéhùn mìíràn ní Saint-Germain lórí ọ̀rọ̀ ohun ìjà. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Faransé ṣe pín ìbọn sí ọ̀nà méjì: ìbọn ọjà fún àwọn tálákà, ìbọn ìgbàlódé fún ẹni tó bá rí ìwé àṣẹ gbà. Ìwé àṣẹ yẹn kò sì rọrùn fún ọdẹ abúlé.

Nítorí náà, àwọn alágbẹ̀dẹ wa ló gbé iṣẹ́ ọdẹ ró. Bí sípíríǹgì bá kán, wọ́n á rọ òmíràn. Bí igi ìdí ìbọn bá là, wọ́n á gbẹ́ ẹ. Ìbọn kan lè ti ọwọ́ bàbá dé ọwọ́ ọmọ, títí dé ọwọ́ ọmọ ọmọ. A kò gbọdọ̀ fojú kéré wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù dúdú ni wọ́n rọ ìbọn wọn fún, inú ẹ̀tù dúdú sì ni ìgbẹ́kẹ̀lé náà mọ.

Bí pọ́ǹpù ṣe dé ayé

Nígbà tí gbogbo èyí ń lọ lọ́wọ́ níhìn-ín, iṣẹ́ mìíràn ń lọ ní Amẹ́ríkà. Ní 1882 ni Christopher Spencer àti Sylvester Roper gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìbọn ọdẹ kan tí a ń fi ọwọ́ fà. Òun ni pọ́ǹpù àkọ́kọ́ tó rí ọjà. Lábẹ́ ọ̀pá ìbọn ni ọ̀pá kejì wà, ibẹ̀ sì ni àwọn kàtúùṣì ń tò sí. Kàtúùṣì ni ọta òyìnbó tí ẹ̀tù, ọta wẹ́wẹ́ àti ohun tó ń tan iná jọ wà nínú páálí kan. Bí ọwọ́ bá fa igi abẹ́ ìbọn sẹ́yìn, ìdí rẹ̀ á ṣí, páálí tó ti dún á fò jáde. Bí ọwọ́ bá tì í síwájú, kàtúùṣì mìíràn á wọlé, ìdí á sì tì pa.

Ohun tó mú kí àwọn ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé e ni pé apá ọdẹ ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ìbọn tó ń fi agbára ẹ̀tù kó ọta wọlé fúnra rẹ̀ lè dúró bí kàtúùṣì kan kò bá lágbára tó. Pọ́ǹpù kò béèrè agbára lọ́wọ́ kàtúùṣì. Ọwọ́ ló ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ọwọ́ náà fà á dé òpin.

Ní 1893, John Browning ṣe pọ́ǹpù fún ilé iṣẹ́ Winchester. Ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣe é. Àkókò yẹn gan-an ni ẹ̀tù tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kàtúùṣì ọdẹ, ìbọn 1893 náà kò sì le tó fún un. Ní 1897 ni wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tí ara rẹ̀ le jù. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ilé iṣẹ́ ńlá, pẹ̀lú irin tó dára àti ọ̀gá oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ jù lọ nígbà ayé rẹ̀, ṣe ìbọn tí ẹ̀tù tuntun ju agbára rẹ̀ lọ.

Ti 1897 yìí ló gbajúmọ̀. Wọ́n ṣe é ju mílíọ̀nù 1 lọ kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní 1957. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbé e lọ sí ogun àgbáyé kìíní, ìjọba Jámánì sì fi ẹ̀sùn rẹ̀ sùn ní September 1918, wọ́n ní ó ti burú jù. Síbẹ̀, ìbọn akọni yìí rí ìṣòro kan tí kò lè ṣàjèjì sí wa: omi. Páálí kàtúùṣì rẹ̀ máa ń wú nínú ẹrẹ̀ ojú ogun, kò sì ní wọlé mọ́. Wọ́n ní láti fi idẹ ṣe kàtúùṣì fún wọn. Ìbọn kò bàjẹ́, ọta rẹ̀ ló bàjẹ́. Oníṣakabùlà tí ẹ̀tù rẹ̀ ti tutù rí mọ ìtàn yẹn kí a tó sọ ọ́. Ní 1960 ni kàtúùṣì oníke bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò páálí.

Ìbọn 1897 tún ní ìwà kan. Bí ènìyàn bá di ibi ìfà rẹ̀ mú pẹ̀lú ìka, tó sì ti igi rẹ̀ síwájú, á dún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn ológun fẹ́ràn èyí, ṣùgbọ́n fún ọdẹ tó ń rìn nínú igbó pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀, ewu ni. Ìbọn tó ṣeé gbọ́kàn lé gbọ́dọ̀ dún nígbà tí a ní kó dún, kó sì dákẹ́ nígbà tí a kò ní kó dún. Àwọn ìbọn tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti mú ìwà náà kúrò díẹ̀díẹ̀.

Ní 1950 ni Remington gbé èyí tí wọ́n ń pè ní 870 jáde. Irin méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ló so igi tí ọwọ́ ń fà mọ́ inú ìbọn, kó má bàa wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kó sì há. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni Mossberg mú 500 wá, èyí tí òkè rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù tí kì í dípẹtà bíi irin, tí ohun ìdádúró rẹ̀ sì wà lókè níbi tí àtàǹpàkò ti lè dé e, ì báà jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún tàbí ọwọ́ òsì ni ọdẹ ń lò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 10 lọ. Iye yẹn ṣe pàtàkì fún ìdí kan: ìbọn tó pọ̀ báyìí, a lè rí ohun èlò rẹ̀ rà, a sì lè rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ìbéèrè àwọn àgbà wa nípa alágbẹ̀dẹ la tún padà bá yìí.

Ohun tí ìtàn ń kọ́ ẹni tó fẹ́ ra ìbọn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, mo ti dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́ ra pọ́ǹpù, ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo irin. Ìbọn tí kò ní ìwé àṣẹ kò ṣeé gbọ́kàn lé, bó ti wù kó dára tó, nítorí ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ jù lè jẹ́ ọjọ́ tí wọn yóò gbà á lọ́wọ́ yín, tí wọn yóò sì mú ẹ̀yin náà. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn lórí ohun ìjà kéékèèké ní Àbújá ní 2006, ó sì ti di òfin láti 2009. Ìyekan ni wá ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnubodè, ṣùgbọ́n ìbọn tí ẹ rà ní ẹ̀gbẹ́ kan kò ní ìyekan ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ gba ìwé níbi tí ẹ ń gbé, kí ẹ tó san owó.

Lẹ́yìn ìwé, ẹ wo bí ìbọn àti ọta rẹ̀ ṣe bára mu. A máa ń kọ ọ́ sára ọ̀pá ìbọn: 12/70 tàbí 12/76. Nọ́ńbà 12 ni bí inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, 70 tàbí 76 sì ni bí kàtúùṣì tó lè gbà ṣe gùn tó ní mìlímítà. Kàtúùṣì 76 kò gbọ́dọ̀ wọ ìbọn 70, bó tilẹ̀ dà bíi pé ó fẹ́ wọlé. Lára ìbọn Bẹ́ljíọ̀m àtijọ́, ẹ wá àmì Liège, lẹ́tà ELG nínú òbìrí kan. Ó ń sọ fún yín pé wọ́n ti dán ọ̀pá náà wò kó tó jáde.

Ẹ sì fetí sí èyí, torí òun ló ń gé ìka ènìyàn. Ẹ má ṣe tú kàtúùṣì kí ẹ da ẹ̀tù inú rẹ̀ sínú ṣakabùlà láéláé. Ẹ má ṣe gba ìbọn tí wọ́n fi páìpù omi ṣe láti yin kàtúùṣì. Ojú lè rí oríṣi ẹ̀tù méjèèjì bí ẹ̀tù lásán, ṣùgbọ́n ohun tí ìbọn ilé iṣẹ́ ńlá kò lè gbà ní 1893, ọ̀pá tí a jó pọ̀ lábẹ́ igi kò lè gbà á. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wa kò burú. Ẹ̀tù tí kò mọ̀ ọ́n ni kí a má fi dán an wò.

Kí ẹ tó rà á, ẹ rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá fà á sẹ́yìn, kí ẹ tì í síwájú lọ́pọ̀ ìgbà. Ó gbọ́dọ̀ lọ geere, kó má há, kó má wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ wo ohun ìdádúró rẹ̀ bóyá ó ń dì í mú lóòótọ́. Ẹ gbé ìdí rẹ̀ ṣí, kí ẹ wo inú ọ̀pá rẹ̀ láti ìdí dé ẹnu. Ó gbọ́dọ̀ mọ́ rekete. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á náà, ẹ máa wò ó bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ sí oko, nítorí kòkòrò tó ń fi amọ̀ kọ́lé kì í béèrè kó tó wọ ẹnu ìbọn. Ìbọn tí ẹnu rẹ̀ bá dí lè bẹ́. Ní ilẹ̀ wa tí òjò pọ̀, epo díẹ̀ àti aṣọ gbígbẹ lẹ́yìn lílò kọ̀ọ̀kan ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lára ìbọn lọ.

Ẹ kọ́ ọwọ́ yín pẹ̀lú. Àbùkù tó wọ́pọ̀ jù fún pọ́ǹpù kì í ṣe ti irin. Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, kì í fà á dé òpin. Páálí tó ti dún kò ní jáde tán, èyí tó ń bọ̀ á sì há mọ́ ọn. Àwọn ọmọ ogun Béhanzin ní ìbọn tuntun lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìbọn tuntun nílò ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ méjì ló kù. Èkíní, pọ́ǹpù kì í ṣe ìbọn ìkíni ọdún. Ọta wẹ́wẹ́ tó bá gòkè gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, orí àwọn ọmọ wa ló sì wà nísàlẹ̀. Ṣakabùlà àwọn àgbà, tí a ki ẹ̀tù dúdú díẹ̀ sí láìsí ọta, lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, tí kò sì mu ọtí, ni kí ó máa dún lójú agbo àti níbi ìṣípà ọdẹ. Èkejì, ọdẹ oníṣakabùlà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà, ó ń sún mọ́ ẹran, ó ń wò ó bóyá aboyún ni, ó ń ní sùúrù. Ẹni tó ní kàtúùṣì márùn-ún lè tètè gbàgbé sùúrù yẹn, igbó wa kò sì ní ẹran tó pọ̀ tó láti san gbèsè rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún bi mí pé èwo ló dára, n kò ní fi orúkọ kan ṣoṣo dáhùn. Ẹ ra èyí tó ní ìwé, tí kàtúùṣì rẹ̀ wà lọ́jà yín, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò jìnnà sí yín, tí ọwọ́ yín sì mọ̀ bí Alálùmọ̀n ṣe mọ ọfà rẹ̀. Ìyẹn ni ìbọn tí kì í dójú ti ọdẹ.

Kí Ògún má ṣe jẹ́ kí irin yí padà sí wa. Kí ìbọn ọdún yìí dún ire, kí gbogbo ọwọ́ tó gbé e sókè sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìka márààrún. Àṣèyí ṣàmọ́dún o. Àṣẹ.